Màlúù Níwájú Róbọ́ọ̀tì: Àgbéyẹ̀wò Ẹ̀rọ Ìfúnwàrà àti Àlàáfíà Ẹran Tí Ń Lò Ó

Ní ọdún 1992 ni àwọn àgbẹ̀ olówàrà ní orílẹ̀-èdè Nẹ́dálándì kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í lo ẹ̀rọ kan tí ń fún wàrà màlúù láìsí ọwọ́ ènìyàn nídìí rẹ̀, ẹ̀rọ tí ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán-tòru, tí màlúù fúnra rẹ̀ sì ń fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wọ inú rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Lely, tí tẹ̀gbọ́n-tàbúrò méjì dá sílẹ̀ ní 1948, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ gbé e jáde. DeLaval ti Swídìn àti GEA ti Jámánì náà ní tiwọn, ẹ̀rọ náà sì ti tàn ká Yúróòpù, Kánádà, Amẹ́ríkà, Ọsirélíà àti New Zealand. Àwọn tí ń tà á sọ pé ó ti dá màlúù sílẹ̀ lóko ẹrú aago, nítorí pé kò sí ẹni tí yóò tún máa dà á lọ síbi ìfúnwàrà ní aago márùn-ún ìdájí. Àwọn tí ń ṣe àtakò sí i sọ pé ńṣe ni ó sọ ẹran di ẹ̀yà ara ẹ̀rọ. Ìwádìí ti pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà láti ìgbà yẹn wá, púpọ̀ nínú rẹ̀ sì parí sí pé ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín róbọ́ọ̀tì àti ọ̀nà àtijọ́ kò tó nǹkan. Òótọ́ ni ìparí yìí níwọ̀n bí a bá pa gbogbo agbo pọ̀ ṣírò, ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni àléébù rẹ̀ wà, nítorí pé àǹfààní róbọ́ọ̀tì àti ìpalára rẹ̀ kì í bọ́ sórí màlúù kan náà. Màlúù tí ara rẹ̀ dá, tí ó sì lẹ́nu láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, ni ó ń jẹ àǹfààní náà; èyí tí ẹsẹ̀ ń dùn, tàbí tí ipò rẹ̀ rẹlẹ̀, ni ó ń san owó rẹ̀.

Kí a tó lè wọn ohunkóhun, ó yẹ kí a mọ ohun tí a pè ní àlàáfíà ẹran. Ìwé tí Ruth Harrison kọ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1964, *Animal Machines*, ni ó kọ́kọ́ ta ará ìlú jí sí bí wọ́n ṣe ń sin ẹran bí ohun èlò ilé-iṣẹ́. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ Brambell dìde, ìgbìmọ̀ náà sì jábọ̀ ní 1965. Láti inú iṣẹ́ wọn ni òmìnira márùn-ún ti jáde wá, èyí tí ìgbìmọ̀ amọ̀ràn lórí àlàáfíà ẹran ọ̀sìn ní ilẹ̀ náà gbé kalẹ̀ ní 1979: kí ebi àti òùngbẹ má pa ẹran, kí ibùgbé má ni í lára, kí ìrora, ọgbẹ́ àti àìsàn má bá a láìsí ìtọ́jú, kí ó lè hu ìwà tí a dá mọ́ ọn, kí ìbẹ̀rù àti ìdààmú má sì gbà á lọ́kàn. Mẹ́ta àkọ́kọ́ rọrùn láti kà, nítorí pé a lè wọn oúnjẹ, a lè wọn bẹ́ẹ̀dì, a sì lè ka iye ẹsẹ̀ tí ó ní ọgbẹ́. Méjì tí ó kẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ róbọ́ọ̀tì rọ̀ mọ́ jù, àwọn ni ó sì ṣòro jù láti fi nọ́ńbà sọ.

Bí ẹ̀rọ náà ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Àpótí irin kan wà nínú ilé màlúù, gígùn rẹ̀ kò ju ti màlúù kan lọ púpọ̀. Màlúù fi èjìká ti géètì, ó wọlé, géètì pa dé lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ sì ka àmì tí ó wà lára okùn ọrùn rẹ̀, ó mọ ẹni tí ó dé, ó mọ wákàtí tí ó fún wàrà gbẹ̀yìn, ó sì mọ iye wàrà tí ó yẹ kí ó wà nínú ọmú rẹ̀. Bí wákàtí náà kò bá tíì pé, ẹ̀rọ yóò ṣí géètì iwájú, màlúù yóò sì jáde láìjẹ nǹkan kan. Bí ó bá ti pé, oúnjẹ oníhóró yóò bẹ̀rẹ̀ sí í já sínú àwo níwájú rẹ̀, apá irin kan yóò yọ lábẹ́ ikùn rẹ̀, yóò fi búrọ́ọ̀ṣì oníyípo tàbí omi fọ orí ọmú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, iná lésà tàbí kámẹ́rà yóò wá ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà, yóò sì máa fi ife bọ̀ wọ́n lẹ́yọ lẹ́yọ. Màlúù a máa jẹun lọ, etí rẹ̀ a máa yí sẹ́yìn sí ìró apá irin náà. Nígbà mìíràn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn a gbọ̀n, ife kan a já bọ́, apá irin a sì tún bẹ̀rẹ̀ wíwá rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni oúnjẹ inú àwo ń tán lọ. Gbogbo rẹ̀ sábà máa ń gba nǹkan bí ìṣẹ́jú méje sí mẹ́jọ.

Wàrà kò kàn jókòó sínú ọmú kí ẹ̀rọ wá fà á. Ìdá kékeré rẹ̀, tí kì í sábà ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ, ni ó wà nínú àpò tí ó wà lókè orí ọmú. Ìyókù wà nínú àwọn àpò tíńtìntín tí ó kún inú ẹran ọmú, kò sì ní sọ̀kalẹ̀ àfi bí ọpọlọ màlúù bá tú èròjà kan tí a ń pè ní oxytocin sínú ẹ̀jẹ̀. Fífọwọ́ kan orí ọmú ni ó ń mú kí èròjà yìí jáde, ìbẹ̀rù sì lè dá a dúró. Àwọn Fúlàní darandaran tí ń fún wàrà ní agbègbè Òkè-Ògùn àti Ìlọrin kò nílò ìwé láti mọ èyí, nítorí pé ọmọ màlúù ni wọ́n ń kọ́kọ́ jẹ́ kí ó fa ọmú ìyá rẹ̀ kí ọwọ́ ènìyàn tó dé ibẹ̀. Búrọ́ọ̀ṣì róbọ́ọ̀tì ni ó dúró ní ipò ọmọ náà, iṣẹ́ rẹ̀ sì tó fún ọ̀pọ̀ màlúù. Nítorí èyí, iye wàrà tí ó jáde àti bí ó ti ń yára jáde jẹ́ ẹ̀rí kan pé ẹ̀rù kò ba ẹran náà kọjá ààlà. Ẹ̀rí náà kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé màlúù tí inú rẹ̀ kò dùn náà ń fún wàrà.

Ọ̀rọ̀ tí ó fa awuyewuye jù ni ti òmìnira. Ìwé ìpolówó a máa sọ pé màlúù ń yan ìgbà tí ó fẹ́ kí a fún òun ní wàrà. N. B. Prescott àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dán ọ̀rọ̀ yìí wò nínú iṣẹ́ kan tí ó jáde ní 1998, níbi tí wọ́n ti fi màlúù sí oríta, kí ó yà sí ọ̀dọ̀ oúnjẹ tàbí sí ibi ìfúnwàrà. Oúnjẹ ni ó ń fà wọ́n jù. Ìfẹ́ láti fún wàrà kò lágbára, kò sì dúró lójú kan láti ara màlúù kan sí òmíràn. Nítorí èyí ni ilé róbọ́ọ̀tì fi sábà ń fi oúnjẹ oníhóró tan màlúù wọ àpótí. Ẹni tí ó bá ní màlúù yan ìfúnwàrà ń sọ ju ohun tí ẹ̀rí gbé lọ. Ìgbà tí yóò jẹ nǹkan dídùn ni màlúù yàn, wàrà sì tẹ̀lé e. Síbẹ̀, yíyan ìgbà kì í ṣe nǹkan kékeré fún ẹran tí ó nílò nǹkan bí wákàtí méjìlá lójúmọ́ láti fi dùbúlẹ̀. Ní gbọ̀ngàn ìfúnwàrà ti àtijọ́, gbogbo agbo ni wọ́n ń kó pọ̀ sójú kan lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́, èyí tí ó kẹ́yìn lórí ìlà sì lè dúró lórí kọnkéré fún ju wákàtí kan lọ kí ó tó kàn án. Ìdúró yẹn ni róbọ́ọ̀tì gbà kúrò, èrè gidi sì ni.

Àmọ́ òmìnira náà kò rí bákan náà ní gbogbo ilé. Ọ̀nà méjì pàtàkì ni ó wà láti ṣètò ìrìn màlúù. Nínú ìrìn òmìnira, màlúù lè lọ láti bẹ́ẹ̀dì sí ibùjẹ àti láti ibùjẹ sí róbọ́ọ̀tì bí ó ti wù ú. Nínú ìrìn onígéètì, a to àwọn géètì tí kì í ṣí ju apá kan lọ débi pé màlúù tí ó bá fẹ́ jẹun gbọ́dọ̀ gba inú róbọ́ọ̀tì kọjá, tàbí kí ó gba ẹnu géètì kan tí yóò wò ó bóyá ó tó àkókò fún un láti fún wàrà. Àgbẹ̀ tí ó yan èkejì kò ní máa wá màlúù kiri púpọ̀, nítorí pé ebi ni ó ń dà wọ́n wá. Ohun tí àwọn olùwádìí rí láti àwọn ọdún 1990 wá ni pé níbi tí ìfipáṣe náà bá le, màlúù kì í lọ sí ibùjẹ lemọ́lemọ́ mọ́, wọ́n sì ń pẹ́ sí i lórí ìdúró níwájú géètì.

Níwájú géètì yìí ni ipò láwùjọ ti ń fara hàn, nítorí pé agbo màlúù ní àgbà àti ọmọdé tirẹ̀, gbogbo wọn sì mọ ẹni tí ń yà fún ẹnì kan. Abo màlúù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí a dúró sí ẹ̀gbẹ́, orí rẹ̀ a wà nílẹ̀ díẹ̀, a sì fi ara sẹ́yìn bí ọ̀kan nínú àwọn àgbà bá yọjú. Àgbà náà lè má tilẹ̀ fẹ́ wọlé, ó lè kàn dúró sí ẹnu ọ̀nà, kí ó má sì jẹ́ kí èyí tí ó wà nínú àpótí lè jáde. Ìwádìí fi hàn léraléra pé irú àwọn màlúù kéékèèké bẹ́ẹ̀ ń dúró pẹ́ ju àwọn àgbà lọ, wọ́n sì ń sún ìgbà tiwọn sí òru, nígbà tí àwọn alágbára bá ti lọ dùbúlẹ̀. Ìṣirò kan jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yéni. Róbọ́ọ̀tì kan ni wọ́n sábà ń yàn fún nǹkan bí 60 màlúù. Bí ọ̀kọ̀ọ̀kan bá wá ní ìgbà 2.7 lójúmọ́, ìfúnwàrà 162 nìyẹn, tí ìṣẹ́jú méje ààbọ̀ bá sì ń lọ sórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ti jẹ 1,215 nínú 1,440 ìṣẹ́jú tí ó wà nínú ọjọ́. Nínú ohun tí ó kù ni ẹ̀rọ yóò ti fọ inú ara rẹ̀, ibẹ̀ náà sì ni àwọn tí a kọ̀ ní ẹnu ọ̀nà ti ń jẹ. Bí àgbẹ̀ bá fi màlúù mẹ́wàá kún un nítorí pé owó ẹ̀rọ wọ́n, àwọn àgbà kò ní mọ̀ ọ́n lára. Àlàfo tí ó kù fún àwọn kékeré ni yóò pòórá, ìṣirò àpapọ̀ agbo kò sì ní fi í hàn.

Lórí ìdààmú ọkàn, èsì ìwádìí kò ṣọ̀kan, a kò sì ní pẹ́ lórí rẹ̀. Ní Nẹ́dálándì, Hopster àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ wo àwọn màlúù alákọ̀ọ́bí ní 2002; wọ́n wọn lílù ọkàn àti àwọn èròjà ìpáyà inú ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì parí sí pé ọ̀nà méjèèjì ṣeé fara mọ́ bákan náà. Ní Jámánì, Wenzel àti àwọn tirẹ̀ rí i ní 2003 pé cortisol, èròjà tí ara ń tú jáde nígbà ìnira, pọ̀ díẹ̀ sí i nínú wàrà àwọn tí róbọ́ọ̀tì ń fún. Iṣẹ́ àwọn olùwádìí ní Vienna ni ó kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́ jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí pé ìyàtọ̀ tí wọ́n rí nígbà ìfúnwàrà gan-an kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n nígbà tí màlúù bá dùbúlẹ̀ láti sinmi, ìlù ọkàn wọn fi hàn pé ara kò fi bẹ́ẹ̀ balẹ̀ nínú ilé róbọ́ọ̀tì tí ó ní géètì àfipáṣe díẹ̀ nínú. Bí a bá ń wá ìnira nínú àpótí nìkan, a ó pàdánù èyí tí ó wà níta rẹ̀.

Ọmú ni ibi tí a ti ní ẹ̀rí púpọ̀ jù. Ọmú màlúù pín sí apá mẹ́rin tí wàrà wọn kì í pàdé, apá kan sì lè tètè gbẹ ju èkejì lọ. Ní gbọ̀ngàn àtijọ́, ife mẹ́rẹ̀ẹ̀rin a máa já lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èyí sì túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ ń fa apá tí ó ti gbẹ lásán fún ìgbà díẹ̀, ó sì ń sọ ẹnu orí ọmú di líle, a sì máa ṣí ọ̀nà fún kòkòrò àrùn. Róbọ́ọ̀tì ń já ife kọ̀ọ̀kan bí apá rẹ̀ bá ti gbẹ. Lórí ọ̀rọ̀ yìí, kò sí ẹni tí ó lè jiyàn pé kò dára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Fífún wàrà lẹ́ẹ̀mejì ààbọ̀ tàbí lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́ tún ń dín ìwúwo ọmú kù fún màlúù tí wàrà rẹ̀ pọ̀, ó sì sábà ń mú kí wàrà pọ̀ sí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ara màlúù tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, tí oúnjẹ tí ó ń jẹ kò tíì tó èyí tí ó ń fún jáde, ni yóò san àfikún náà bí a kò bá fún un ní oúnjẹ tí ó tó.

Pẹ̀lú gbogbo èyí, a retí pé kí àrùn ọmú wíwú dín kù níbi tí róbọ́ọ̀tì bá wà, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Hovinen àti Pyörälä ti Yunifásítì Helsinki kó ìwádìí tí ó wà nílẹ̀ jọ ní 2011, wọ́n sì fi hàn pé ìlera ọmú sábà máa ń burú sí i ní ọdún àkọ́kọ́ lẹ́yìn tí àgbẹ̀ bá gbé róbọ́ọ̀tì wọlé. Ohun tí wọ́n fi ń mọ̀ ni iye sẹ́ẹ̀lì inú wàrà, ìyẹn àwọn sẹ́ẹ̀lì ajàfára tí ń ya wọ inú ọmú bí àrùn bá wọ ibẹ̀, tí a fi mọ̀ pé bí wọ́n bá ti pọ̀, àrùn wà níbẹ̀ bí ojú kò tilẹ̀ rí wíwú. Ìdí rẹ̀ ju ẹyọ kan lọ. Búrọ́ọ̀ṣì ń fọ orí ọmú tí ó mọ́ àti èyí tí ìgbẹ́ bò bákan náà, nígbà tí ènìyàn ìbá fi kún fífọ èyí tí ó dọ̀tí. Àlàfo tí ó wà láàárín ìfúnwàrà kan àti òmíràn kì í dọ́gba: màlúù kan lè wá lẹ́yìn wákàtí mẹ́fà lónìí, kí ó má sì yọjú fún mẹ́rìnlá lọ́la. Bí ẹ̀rọ kò bá sì rí orí ọmú kan bọ̀, apá yẹn yóò kún títí di ìgbà mìíràn, wàrà lè máa kán sórí bẹ́ẹ̀dì, kòkòrò a sì rí ọ̀nà wọlé.

Ohun kan tún wà tí róbọ́ọ̀tì ń gbà lọ́wọ́ àgbẹ̀. Ẹni tí ń fi ọwọ́ bọ ife máa ń fọwọ́ kan ọmú. Bí ó bá gbóná, bí ó bá le, bí wàrà àkọ́fún bá ní ègé funfun nínú, ó mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Òfin àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù tí ó jáde ní 2004, nọ́ńbà 853, sọ pé a gbọ́dọ̀ yẹ wàrà màlúù kọ̀ọ̀kan wò kí a tó gbà á, kí afúnwàrà ṣe é tàbí kí a lo ọ̀nà mìíràn tí èsì rẹ̀ bá tirẹ̀ dọ́gba, gbólóhùn yẹn ni ó sì ṣílẹ̀kùn fún róbọ́ọ̀tì. Ẹ̀rọ náà ń wo àwọ̀ wàrà, ó ń wọn bí iná mànàmáná ṣe ń gba inú rẹ̀ kọjá, nítorí pé iyọ̀ máa ń pọ̀ nínú wàrà ọmú tí ó ń ṣàìsàn, àwọn kan tilẹ̀ ń ka sẹ́ẹ̀lì. Èsì rẹ̀ a jáde sórí kọ̀ǹpútà bí orúkọ àwọn tí ó yẹ kí a lọ wò. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé ìkìlọ̀ tí kò rí bẹ́ẹ̀ máa ń pọ̀ nínú rẹ̀, àgbẹ̀ tí ó bá sì ti lọ wo màlúù márùn-ún tí kò ní nǹkan kan lára, kò ní fi bẹ́ẹ̀ yára dìde sí ìkẹfà.

Ẹsẹ̀ ni ó yẹ kí gbogbo àgbéyẹ̀wò irú èyí dúró lé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe róbọ́ọ̀tì ni ó ń dá ọgbẹ́ sílẹ̀ ní pátákò. Kọnkéré tí ó rin, bẹ́ẹ̀dì líle, oúnjẹ oníhóró tí ó pọ̀ jù àti pátákò tí a kò gé lásìkò ni ó ń dá a sílẹ̀, gbogbo wọn sì wà ṣáájú róbọ́ọ̀tì. Ṣùgbọ́n ètò róbọ́ọ̀tì dúró lórí pé màlúù yóò fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá, èyí tí ó ń tiro kò sì fẹ́ rìn. Ní Spéènì, Bach àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2007 pé bí títiro bá ti ń le sí i ni ìgbà tí màlúù ń wá fúnra rẹ̀ ń dín kù, tí iye ìgbà tí wọ́n ní láti lọ mú un wá sì ń pọ̀ sí i. Àwọn ìwádìí ní Kánádà lẹ́yìn náà tọ́ka sí ibì kan náà. Ní gbọ̀ngàn àtijọ́, ìyà ẹni tí ń tiro ni pé a ń dà á pẹ̀lú àwọn yòókù, kò sì lè yára. Ní ilé róbọ́ọ̀tì, ìyà tirẹ̀ ni pé ó dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ọmú rẹ̀ ń kún, ebi sì ń pa á nítorí pé apá kan oúnjẹ rẹ̀ wà nínú àpótí tí kò lè rìn dé. Nínú ìrìn onígéètì tí ó le, ibùjẹ gan-an wà lẹ́yìn géètì. Àgbẹ̀ tí ó mọṣẹ́ a máa wo orúkọ àwọn tí ó ti ju wákàtí méjìlá lọ láìwá, a sì kọ́kọ́ wo ẹsẹ̀ wọn kí ó tó dà wọ́n dìde. Ẹni tí kò mọṣẹ́ yóò kàn máa dà wọ́n lọ lójoojúmọ́, yóò sì máa pè wọ́n ní ọ̀lẹ.

Ọ̀ràn koríko kò kan ẹ̀rọ tààrà, síbẹ̀ kò ṣeé yọ kúrò. Màlúù tí ó wà ní pápá jìnnà sí àpótí, bí ó bá sì rí koríko tútù jẹ, oúnjẹ oníhóró kò ní fi bẹ́ẹ̀ fà á mọ́. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ tí ó ra róbọ́ọ̀tì fi ń ti màlúù mọ́lé tọdún tọdún. Swídìn kò gbà bẹ́ẹ̀: òfin àlàáfíà ẹran wọn ti 1988, tí òǹkọ̀wé àwọn ọmọdé nì, Astrid Lindgren, jà fún nínú ìwé ìròyìn, ní kí màlúù olówàrà máa jáde sí pápá ní ìgbà ẹ̀rùn, àwọn àgbẹ̀ olóróbọ́ọ̀tì ibẹ̀ sì ń tẹ̀lé e. Ní New Zealand, iṣẹ́ ìwádìí kan bẹ̀rẹ̀ nítòsí Hamilton ní 2001 láti wò ó bóyá róbọ́ọ̀tì lè bá agbo tí ń jẹko lọ́sàn-án-lóru mu. Yunifásítì Sydney ní Ọsirélíà ṣe irú rẹ̀ ní Camden. Ọgbọ́n tí ó jáde nínú iṣẹ́ wọ̀nyí rọrùn: a pín pápá sí mẹ́ta, a ń ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní wákàtí tirẹ̀, màlúù tí ó bá sì fẹ́ lọ sí koríko tuntun gbọ́dọ̀ gba ẹnu róbọ́ọ̀tì kọjá, débi pé koríko gan-an ni ó di ohun tí a fi ń tàn án. Ẹni tí ó bá ní kò ṣeé ṣe, owó ilẹ̀ àti ìjìnnà pápá ni ó ń sọ, kì í ṣe ẹ̀rọ.

Ní Nẹ́dálándì, iye màlúù tí ń jáde jẹko lọ sílẹ̀ láti nǹkan bí 90 nínú ọgọ́rùn-ún ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí sí èyí tí kò tó 70 láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Agbo tí ń tóbi sí i lórí ilẹ̀ tí kò pọ̀ sí i ni ìdí pàtàkì, róbọ́ọ̀tì sì wà lára ìdí. Owó ni wọ́n fi dá a dúró. FrieslandCampina, ẹgbẹ́ alájẹṣékù àwọn àgbẹ̀ olówàrà tí àwọn ará Nàìjíríà mọ̀ nípasẹ̀ wàrà Peak tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ WAMCO ń ṣe ní Èkó, ń san àfikún owó fún ọmọ ẹgbẹ́ tí màlúù rẹ̀ bá wà ní pápá fún ó kéré tán 120 ọjọ́ lọ́dún, wákàtí mẹ́fà lójúmọ́. Owó àfikún yìí ti mú àwọn olóróbọ́ọ̀tì kan ṣí ilẹ̀kùn tí wọ́n ti tì, èyí sì fi hàn pé ohun tí wọ́n pè ní ìdíwọ́ ẹ̀rọ jẹ́ ìdíwọ́ ìṣirò owó lápá kan.

Àwọn onímọ̀ àwùjọ náà ti dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Lewis Holloway ti Yunifásítì Hull àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ bá àwọn àgbẹ̀ sọ̀rọ̀ nílé wọn ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ṣàlàyé nínú iṣẹ́ wọn ti 2014 pé òmìnira màlúù nínú ilé róbọ́ọ̀tì jẹ́ èyí tí a fi géètì, oúnjẹ àti kọ̀ǹpútà mọ, tí ẹran náà sì ní láti kọ́ bí a ti ń lò ó. Driessen àti Heutinck rí i ní Nẹ́dálándì ní 2015 pé ohun tí àgbẹ̀ kà sí màlúù dáadáa fúnra rẹ̀ ń yí padà pẹ̀lú ẹ̀rọ: èyí tí ó ń dá wá, tí kò ní kí a máa wá òun, ni ó di ọmọlúwàbí. Àwọn àgbẹ̀ kan sọ pé màlúù wọn kò bẹ̀rù ènìyàn mọ́, nítorí pé bí ènìyàn bá wọlé, kì í ṣe láti dà wọ́n. Àwọn mìíràn sọ pé kọ̀ǹpútà ni àwọn mọ̀ báyìí, àwọn kò mọ ẹran. Kò sí ìdí tí a ó fi ka ọ̀kan nínú wọn sí onírọ́. Wákàtí tí ẹ̀rọ gbà lọ́wọ́ ènìyàn lè di wákàtí tí a fi ń rìn láàárín agbo, ó sì lè di wákàtí tí a fi ń ṣe iṣẹ́ mìíràn níta oko, róbọ́ọ̀tì kò sì lè pinnu èyí tí yóò jẹ́.

Àwọn màlúù kan wà tí kì í wọ inú ìṣirò rárá. Orí ọmú ẹ̀yìn wọn lè sún mọ́ra jù, tàbí kí wọ́n dábùú ara wọn, débi pé lésà kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ọmú wọn lè lọ sílẹ̀ jù tí apá irin kò fi ráyè lábẹ́ rẹ̀. Wọ́n sì lè jẹ́ ẹran tí ń ta gbogbo ife dànù láìka iye ìgbà sí. Irú wọn kì í pẹ́ nínú agbo. Wọ́n á tà wọ́n tàbí kí wọ́n pa wọ́n, ó sì sábà ń jẹ́ láàárín àwọn oṣù àkọ́kọ́ tí ẹ̀rọ dé, bí ara wọn tilẹ̀ le koko. Àwọn tí ń ta àtọ̀ akọ màlúù náà ti tẹ̀lé e, wọ́n ń sàmì sí akọ tí ọmọ rẹ̀ ní orí ọmú tí ó bá róbọ́ọ̀tì mu, tí wọ́n ń yára fún wàrà, tí ara wọn sì balẹ̀ nínú àpótí. Púpọ̀ nínú ìwádìí tí a gbé yẹ̀ wò níhìn-ín ni wọ́n ṣe lára màlúù tí a bí fún gbọ̀ngàn àtijọ́. Èyí tí wọn yóò ṣe ní ogún ọdún sí i yóò jẹ́ lára màlúù tí a ti fi róbọ́ọ̀tì ṣa yọ láti ìran dé ìran, bí èsì rẹ̀ bá sì dára ju ti òní lọ, olùwádìí náà ní láti kọ́kọ́ béèrè iye tí ó jẹ́ pé ẹ̀rọ ni ó sàn sí i, àti iye tí ó jẹ́ pé àwọn tí kò lè bá a gbé ti kúrò nínú agbo kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kà.